Kámẹ́rà tí kò ní ògbufọ̀, afọ́jú ni



Ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí míkírósíkóòpù ní ilé ìwòsàn. Òun ni awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Bí ibà bá mú ọmọ, wọ́n á gún ọmọ náà ní ìka díẹ̀. Wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí dígí pẹlẹbẹ, wọ́n á sì kùn ún ní aró. Lẹ́yìn náà, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà á gbé ojú lé awò. Òun nìkan ló ń rí ohun tó wà níbẹ̀. Ìyá ọmọ kò rí i. Ìwé kékeré ni wọ́n á kọ fún un pé: «Ibà ni», tàbí «Kì í ṣe ibà».

Lóde òní, a lè gbé kámẹ́rà kékeré sójú awò náà. Kámẹ́rà á máa ya ohun tó ń rí. Okùn á gbé àwòrán náà lọ sínú kọ̀ǹpútà. Àwòrán á sì hàn lójú kọ̀ǹpútà bí ìgbà tí a ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ogún ènìyàn lè jọ wò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ohun tó wà lórí dígí bá ń rìn, gbogbo wọn á rí i bó ti ń rìn.

Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nídìí rẹ̀ tí wọn kì í sábà sọ fún aráàlú. Láàárín kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà, ògbufọ̀ kan wà. Bí ògbufọ̀ náà kò bá sí mọ́, kámẹ́rà di afọ́jú. Èrò mi ni pé a kò gbọdọ̀ gba irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ sí ilé ìwòsàn wa, ìbáà jẹ́ ọ̀fẹ́, bí ògbufọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

ÌRÒYÌN KÒ TÓ ÀFOJÚBÀ

Kí ló dé tí a fi ń wá àwòrán tó ń rìn? Ṣé àwòrán tó dúró sójú kan kò tó?

Ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Ní 1880, ní ìlú Constantine ní ilẹ̀ Àlùjéríà, dókítà ológun Faransé kan wà tó ń jẹ́ Alphonse Laveran. Ó ń wo ẹ̀jẹ̀ sójà kan tí ibà ń ṣe. Kò kun ẹ̀jẹ̀ náà ní aró. Ó rí ohun róbótó kan, àwọn nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ejò. Nítorí pé wọ́n ń mira, ó mọ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí ni. Báyìí ni ojú ènìyàn ṣe kọ́kọ́ mọ kòkòrò tó ń fa ibà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìgbà náà kò gbà á gbọ́. Òun ló rí i, àwọn kò rí i. Ọdún mélòó kan kọjá kí wọ́n tó gbà. Ní 1907, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Ẹ tún gbọ́ ti òde òní. Àwọn tó ń gbé lẹ́bàá odò ní ìhà Ṣábẹ̀ẹ́ mọ oògùn tí wọ́n ń pè ní Mectizan. Òun ni oògùn àrùn tí eṣinṣin kékeré etí odò ń kó ranni, tó ń mú ara yún, tó sì ń fọ́ ojú. Láti 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck ti ń fi oògùn náà tọrẹ. Ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, wọ́n ń lò ó pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n aràn mìíràn wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni Loa loa. Bí ọmọ aràn yìí bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan, tó wá lo Mectizan, oògùn náà lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ó tilẹ̀ lè pa á. Nítorí náà, ó yẹ kí a ka aràn inú ẹ̀jẹ̀ kí a tó fún ènìyàn ní oògùn.

Ta ni yóò wá jókòó nídìí awò láti ka aràn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn? Àwọn onímọ̀ yunifásítì Califonia ní Berkeley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe awò kékeré kan tó ń lo fóònù alágbèéká. Kámẹ́rà fóònù á ya ẹ̀jẹ̀ náà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, bó ti wà, láìkùn ún ní aró. Fóònù á wá ibi tí nǹkan ti ń mira nínú àwòrán, yóò sì ka iye aràn. Láti oṣù kẹjọ dé oṣù kẹwàá 2015, wọ́n lò ó ní agbègbè Okola ní Kamẹrúùnù. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 16,259 wò. Wọ́n rí 340 tí aràn inú ẹ̀jẹ̀ wọn pọ̀ jù, wọn kò sì fún wọn ní oògùn náà. Wọ́n dá 397 mìíràn sí nítorí oyún tàbí àìsàn. 15,522 yòókù lo oògùn, ewu ńlá kankan kò sì bá wọn.

Ẹ wò ó bí àwòrán tó ń rìn ti dáàbò bo ẹ̀mí ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ náà kan oko wa pẹ̀lú. Àgbẹ̀ tó ń gbin tìmáàtì lè fa ewéko rẹ̀ tu, kó rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ wú ní kókó-kókó. Aràn inú ilẹ̀ ló ń fa á. Ojú lásán kò lè rí ọmọ aràn náà. Àwọn kan á ní aráyé ló ń ṣe oko náà. Ṣùgbọ́n bí a bá kán omi tí a fọ gbòǹgbò náà sí lábẹ́ awò, tí kámẹ́rà gbé e sójú kọ̀ǹpútà, tí àgbẹ̀ mẹ́wàá jọ rí aràn tó ń lọ́ bí ejò, kò tún sí àríyànjiyàn. Nígbà náà, bí a bá sọ pé kí wọ́n má ṣe gbin tìmáàtì sójú kan náà lọ́dọọdún, wọ́n á mọ ìdí rẹ̀.

KÍ NI ÒGBUFỌ̀ NÁÀ Ń ṢE?

Bí Nàgó bá fẹ́ bá ẹni tó gbọ́ Bàrìbá nìkan dúnàádúrà lọ́jà, tí kò sì gbọ́ Bàrìbá, yóò wá ògbufọ̀. Láìsí ògbufọ̀, iṣu wà nílẹ̀, owó wà lápò, ọjà kò lè ná.

Bẹ́ẹ̀ ni kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà rí. Kámẹ́rà kì í gbé odindi àwòrán wá bí ẹni gbé fọ́tò wá. Àmì wẹ́wẹ́ ló ń rán wá gba inú okùn, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Àwòrán kékeré kan ní àmì 640 ní ìbú àti àmì 480 ní òró. Bí a bá sọ 640 di ọ̀nà 480, ó jẹ́ àmì 307,200. Kí àwòrán tó lè rìn geere, kámẹ́rà máa ń rán irú àwòrán bẹ́ẹ̀ 30 wá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àmì tó lé ní mílíọ̀nù 9 nìyẹn, kí ènìyàn tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ wá nìyí:

1. Yóò kí kámẹ́rà, yóò bi í léèrè irú àwòrán tó lè yà.
2. Yóò bá a ṣe àdéhùn lórí bí àwòrán yóò ti tóbi tó, àti iye tí yóò máa rán wá.
3. Yóò gba àwọn àmì náà, yóò tò wọ́n kí wọ́n tún di odindi àwòrán.
4. Yóò gbé àwòrán náà fún ojú kọ̀ǹpútà kí èyí tó kàn tó dé.
5. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù, yóò sọ fún kámẹ́rà kó dín in kù.

Bí ògbufọ̀ bá lọ́ra, àwòrán á máa wọ́ lẹ́yìn. Ẹni tó ń wo dígí á ti sún un, ṣùgbọ́n ibi tó ti kúrò ló ṣì máa rí lójú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ á sú u.

Ògbufọ̀ yìí kì í ṣe ènìyàn, kì í sì í ṣe irin. Ìlànà tí a kọ sínú kọ̀ǹpútà ni. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á kó o jọ síbì kan, kí ẹlòmíràn lè mú un lò láìtún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn tó gbọ́ Faransé fi ń pè é ní bibliothèque, bí ẹni pé ilé tí a kó ìwé sí ni.

ÒGBUFỌ̀ MÉJÌ, ÌWÀ MÉJÌ

Ọ̀nà méjì ni ògbufọ̀ pín sí.

Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà nìkan. Ilé iṣẹ́ náà ló kọ ọ́, òun nìkan ló mọ ohun tó kọ. Kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣí i wò, tàbí kó tún un ṣe.

Ti èkejì jẹ́ ti gbogbo ayé. Ẹni tó kọ ọ́ fi í síta. Ẹni tó bá fẹ́ lè kà á, ó lè lò ó láìsanwó, ó lè tún un ṣe, ó sì lè fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin tó ń fa omi ẹ̀rọ ní abúlé, ẹ mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́. Pọ́ǹpù mìíràn wà tó jẹ́ pé bí irin kan bá kán nínú rẹ̀, àfi kí a kọ̀wé sí ẹni tó ṣe é. Bí onítọ̀hún bá ti pa ilé iṣẹ́ rẹ̀ dé, àwọn obìnrin á padà sí odò. Ṣùgbọ́n ẹ wo pọ́ǹpù tí wọ́n ń pè ní India Mark II. Ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ti ṣe é láàárín 1970 sí 1980. Wọn kò fi àpẹẹrẹ rẹ̀ pamọ́. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ lè ṣe é, ó sì lè ṣe irin tí a fi ń tún un ṣe. Nítorí náà ni pọ́ǹpù yìí fi tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ohun tí àpẹẹrẹ tí a kò fi pamọ́ ṣe fún pọ́ǹpù, òun ni ògbufọ̀ gbogbo ayé ń ṣe fún kámẹ́rà.

BÍ ÒGBUFỌ̀ BÁ KÚ

Kọ̀ǹpútà kì í pẹ́ bíi míkírósíkóòpù. Míkírósíkóòpù tó dára, tí a bá tọ́jú rẹ̀, lè lo ọgbọ̀n ọdún. Kọ̀ǹpútà kò lè lò tó bẹ́ẹ̀. Ìlànà tó ń darí kọ̀ǹpútà náà tún máa ń yí padà. Ilé iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ dúró lórí ìtọ́jú Windows XP ní 2014. Ó dáwọ́ dúró lórí ti Windows 7 ní 2020. Bí ògbufọ̀ kámẹ́rà bá jẹ́ èyí tí wọ́n kọ fún Windows àtijọ́ nìkan, tí olówó rẹ̀ kò sì kọ òmíràn, ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà bá bàjẹ́ ni kámẹ́rà fọ́jú. Dígí rẹ̀ mọ́, okùn rẹ̀ kò já, kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ mọ́.

Ní 2011, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwé jáde lórí ohun èlò ilé ìwòsàn ní orílẹ̀-èdè 16 tí kò lọ́rọ̀. Ohun èlò tó lé ní 112,000 ni ìṣirò wọn kàn. Nínú ohun èlò 100, nǹkan bí 38 ni kò ṣiṣẹ́. Kì í ṣe kámẹ́rà nìkan ni wọ́n kà o. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kàn wá: kí ohun èlò dé ọ̀dọ̀ wa kò ṣòro tó kí ó máa ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa.

ÒGBUFỌ̀ GBOGBO AYÉ TI WÀ

Kì í ṣe ohun tí kò sí ni mo ń bèèrè.

Ní 2003, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ fẹnu kò lórí èdè kan fún kámẹ́rà tí a ń fi okùn USB so mọ́ kọ̀ǹpútà. Orúkọ èdè náà ni UVC. Kámẹ́rà tó bá gbọ́ UVC kò nílò ògbufọ̀ àdáni. Kọ̀ǹpútà òde òní ti gbọ́ èdè náà kí a tó so kámẹ́rà mọ́ ọn. Ní 2008, wọ́n fi ògbufọ̀ UVC sínú Linux, ìlànà kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ti gbogbo ayé. Ẹni tó kọ ọ́ ni Laurent Pinchart.

Òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní OpenCV. Ó lè gba àwòrán lọ́wọ́ kámẹ́rà, ó sì lè ṣàyẹ̀wò rẹ̀, bíi kó ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Láti 2000 ni wọ́n ti fi í síta. Ní 2005, wọ́n bẹ̀rẹ̀ Micro-Manager ní yunifásítì kan ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà. Ti míkírósíkóòpù gan-an ni òun. Ó ń bá kámẹ́rà oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀, kò sì dè wá mọ́ ẹnì kan.

Nílẹ̀ Áfíríkà, ẹ wo Tànsáníà. Míkírósíkóòpù kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ OpenFlexure. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi ike kọ́ nǹkan ní ìpele-ìpele ni a fi ń ṣe ara rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré tó fẹ́ẹ̀ mọ níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n ń pè ní Raspberry Pi, ló ń darí kámẹ́rà rẹ̀, ó sì ń rán àwòrán tó ń rìn sí kọ̀ǹpútà mìíràn. Àpẹẹrẹ ara rẹ̀ àti ìlànà tó ń darí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà ní gbangba. Àwọn ará Tànsáníà ti ṣe é fúnra wọn nílẹ̀ wọn. Àwọn onímọ̀ Ifakara Health Institute níbẹ̀ sì bá wọn fi wo ẹ̀jẹ̀ nítorí ibà. Bí apá kan bá kán, wọn kò dúró de ọkọ̀ òkun. Wọ́n á tún òmíràn ṣe.

OHUN TÍ ÀWỌN KAN Ń SỌ

Àwọn kan á ní: «Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún wa. Ta ní í kọ ọ̀fẹ́?» Mo dáhùn pé ọ̀fẹ́ tó ń béèrè owó lọ́dọọdún kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ọ̀fẹ́ tó bàjẹ́ tí kò ṣeé tún ṣe, ẹrù ló jẹ́. Iyàrá ló ń gbà.

Àwọn mìíràn á ní: «Ẹni tó ṣe kámẹ́rà ló mọ̀ ọ́n jù. Ògbufọ̀ tirẹ̀ ló dára jù.» Ọ̀rọ̀ wọn ní òótọ́ nínú. Fún iṣẹ́ ìwádìí ńlá, ògbufọ̀ àdáni lè yára jù, ó sì lè mọ ọgbọ́n tí UVC kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ilé ìwòsàn abúlé ń fẹ́ ni kó ríran lónìí, kó sì ríran ní ọdún mẹ́wàá sí i.

Àwọn kan tún ní: «Ohun tó jẹ́ ti gbogbo ayé, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀?» Ìbéèrè gidi nìyí. Ògbufọ̀ gbogbo ayé pàápàá lè kú, bí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ bá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó wà ní gbangba, ẹlòmíràn lè gbé e dìde. Ti àdáni kò ní ajínde bí olówó rẹ̀ bá kọ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa ní Àjàṣẹ́, ní Kútọnu àti ní Lomé kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ yìí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kámẹ́rà rọ́pò ẹni tó mọ iṣẹ́. Kámẹ́rà ń fi nǹkan hàn, kì í mọ nǹkan. Ẹni tí a kọ́ ni yóò sọ ohun tí a ń rí.

KÍ A TÓ GBÀ Á, Ẹ BÉÈRÈ

Àwọn kan lè sọ pé èyí kò kan àgbẹ̀. Ó kàn án gidigidi. Owó tí ẹ ń san nígbà àìsàn wà nínú owó tí a fi ń tọ́jú ilé ìwòsàn. Àwọn aráàlú sì wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o. Ẹ lè rán wọn ní iṣẹ́. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ìbéèrè márùn-ún nìyí:

1. Ṣé kámẹ́rà náà gbọ́ UVC, tàbí ó ní ògbufọ̀ mìíràn tó jẹ́ ti gbogbo ayé? Ẹ jẹ́ kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ níwájú yín. Bó bá ríran nínú ọ̀kan ṣoṣo, ẹ ṣọ́ra.
2. Ṣé yóò ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, láìsí owó ọdọọdún?
3. Bí a bá sún dígí, ṣé àwòrán ń sún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀?
4. Ṣé awò náà tó fún iṣẹ́ tí a ń fẹ́? Ẹyin aràn á hàn bí a bá sọ ọ́ di ńlá ní ìlọ́po 100. Kòkòrò ibà nílò ìlọ́po 1,000 pẹ̀lú òróró lórí dígí. Awò kékeré bí ohun ìṣeré tí wọ́n kọ «1000» sí lára lọ́jà kò lè ṣe iṣẹ́ ibà.
5. Ta ni yóò tún un ṣe, níbo ló ń gbé, ta ni nínú àwọn ọmọ wa ni yóò kọ́ ọ?

Ìkìlọ̀ kan ló kù. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kì í ṣe eré. Bí ogún ènìyàn bá ń wo àwòrán náà, orúkọ aláìsàn kò gbọdọ̀ wà lójú kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yin ará wa, ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹnì kan yóò gbé irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ wá sí abúlé yín. A ó lu ìlù, a ó ya fọ́tò, a ó dúpẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìlù tó dún, kí ẹnì kan nínú yín dìde, kó bi àlejò náà léèrè pé: «A dúpẹ́ o. Ògbufọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ti ta ni?»